Ọ̀tá Mi Ló Dúró fún Mi

Mo kórìíra ìyálé mi. Ẹ jẹ́ kí n ti sọ ọ́ báyìí, kí ẹnikẹ́ni má baà ka ọ̀rọ̀ yìí dé ìdajì kó máa retí ibi tí a ti máa dì mọ́ra wa. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni. Ilé rẹ̀ ló wà lápá ọ̀tún ilé mi, afárá pákó kan náà ni àwa méjèèjì sì ń gbà jáde. Afárá náà kò fẹ̀. Bí ènìyàn méjì bá pàdé lórí rẹ̀, ẹnì kan gbọ́dọ̀ fẹ̀gbẹ́ kí èkejì tó kọjá. Òun kì í fẹ̀gbẹ́ fún mi, torí pé òun ló kọ́kọ́ wọlé ọkọ. Èmi náà kì í fẹ̀gbẹ́ fún un, torí pé mo mọ ohun tó ń ṣe fún mi.

Ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì ló dá ìjà sílẹ̀. Nígbà tí mo wọlé ọkọ, àjẹ̀ àti ìgbòkun ni ọkọ mi fi ń lọ pẹja, a sì ń jẹun yó. Nígbà tó yá, àwọn elépo rọ̀bì dé. Wọ́n ri irin mọ́ inú òkun, iná wọn ń jó tọ̀sán-tòru, epo wọn ń léfòó wá bá wa létí omi, ẹja sì sá lọ síbi tí àjẹ̀ kò lè dé. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá ní ẹ́ńjìnnì nìkan ló ń rí ẹja gidi. Ìyálé mi ní ẹ́ńjìnnì. Ọkọ̀ tirẹ̀ ló máa ń fi okùn fa ọkọ̀ ọkọ mi lọ sójú agbami, nítorí bẹ́ẹ̀, bí wọ́n bá ti gúnlẹ̀, òun ló máa kọ́kọ́ ṣa ẹja. Á ṣa èyí tó tóbi, á ṣa èyí tó sanra, á wá fi ẹsẹ̀ ti ìyókù sí mi. Ẹsẹ̀ o!

"Gba èyí, yóò gbẹ tí o bá yan án," bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí.

Ẹ́ńjìnnì tiwa ni mo ń wá. N kò wá ohun mìíràn láyé nígbà náà.

Wọ́n sọ fún mi pé báǹkì kan ní Igbókòdá ń yá apẹja lówó láti fi ra ẹ́ńjìnnì, bí ẹni náà bá sáà ti ní àkáǹtì lọ́dọ̀ wọn. Mo wọ aṣọ tí mo fi ń lọ sílé ìjọsìn, mo wọkọ̀, mo lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó so táì mọ́rùn bi mí ní òpópónà tí ilé mi wà. Mo ní omi ni. Ó bi mí ní nọ́ńbà ilé. Mo ní ilé wa kò ní nọ́ńbà, ènìyàn ló ní. Ó ní kí n mú ìwé owó iná wá. Mo ní iná àwọn elépo nìkan là ń rí, wọn kò sì tíì mú ìwé rẹ̀ wá. Kò rẹ́rìn-ín. Níkẹyìn, mo ṣàlàyé pé ìlà ilé wa ló wà níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, tó kọjú sí òkun. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó ní ẹnì kan yóò wá wò ó.

Kí ẹni náà tó dé, òkun ti dé.

Ẹni tí kò bá gbé etí òkun kò lè mọ bí a ti ń ṣe é. Bí òkun bá ti ń jẹ ilẹ̀ bọ̀, àwọn ọkùnrin á tú ilé palẹ̀, pákó lọ́tọ̀, páànù lọ́tọ̀, a ó rù ú sẹ́yìn, a ó tún un kàn. Ṣùgbọ́n a kì í da ìlà rú. Ẹni tó wà lọ́tùn-ún mi tẹ́lẹ̀ ni yóò tún wà lọ́tùn-ún mi, ì báà jẹ́ ọ̀tá mi. Bí a ṣe bá a lọ́wọ́ àwọn bàbá wa nìyẹn. Lójú tiwa, ilé kò kúrò níbi kankan. Ìdí nìyẹn tí kò fi wá sí mi lọ́kàn rárá láti lọ sọ fún báǹkì pé a ti kó. Àbí kí ni mo fẹ́ wí? A kò kó.

Ṣùgbọ́n búlọ́ọ̀kù ni wọ́n fi kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, kò ṣe é tú. Ó dúró síbi tó wà, ìlà ilé wa sì di ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹni tí báǹkì rán dé iwájú ṣọ́ọ̀ṣì, ó rí omi, ó ya fọ́tò omi, ó wọkọ̀ rẹ̀ padà. Kò bi ẹnì kankan ní nǹkan kan. Ọmọdé gan-an ìbá ti fọwọ́ mú un dé ẹnu ọ̀nà mi.

Nígbà tí mo padà lọ, onítáì gbé fọ́tò náà sí mi lójú. "Ìyá, ẹ purọ́ fún báǹkì. Kò sí ilé kankan níbí. A kò lè ṣí àkáǹtì fún yín."

Mo ní, "Omi tí ẹ ń wò yẹn, ibi tí mo ti ń dáná rí ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀."

Ó ké sí olùṣọ́ pé kó mú mi jáde. Ojú tì mí, inú bí mi, n kò mọ èyí tó pọ̀ jù. Mo ṣépè fún táì náà, mo ṣépè fún ọrùn tó so ó mọ́. Kí n tó délé, ìròyìn ti dé. Ìyálé mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń dúró dè mí, ó sì fi ẹnu ìlú wa sọ ọ́ kí gbogbo ìlà lè gbọ́ ohun tí àwọn báǹkì wí: "Ghan ní ulé rẹ ti domi! Àfi kí ùwọ lọ bá ẹja yáwó!"

Akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Igbókòdá ló là mí lójú. Ó ní àwọn kì í wo ilé, ìṣe ènìyàn làwọn ń wò. Ẹni tó bá yá díẹ̀ tó san án pé, wọn á yá a sí i. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀ títí, wọn á kọ ìwé ẹ̀rí fún un, báǹkì yóò sì gbà á wọlé. Ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ mú onídùúró wá, ẹni tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ láti etí omi tiwa. Ẹyọ ẹnì kan ló wà. Ẹ ti mọ ẹni náà.

Mo kúnlẹ̀. Orúnkún mi kò fẹ́, mo fi agbára tẹ̀ ẹ́. Mo ní, "Ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró fún mi."

Ó wò mí títí, ó wá wo àbà tí mo ti ń yan ẹja, èyí tí páànù rẹ̀ ṣì tuntun. Ó ti pẹ́ tó ti ń wò ó. "Mo máa dúró," ó ní. "Lọ́jọ́ tí ùwọ bá kùnà, àbà yẹn di tèmi." Kò fi pa mọ́. Torí kí n lè ṣubú ló ṣe dúró.

Mo fi owó àkọ́kọ́ ra iyọ̀ àti igi ìdáná. Ọjọ́ ìpàdé tí mo bá fẹ́ san owó, ìyálé mi yóò ti jókòó níwájú, á na ọrùn bíi ẹyẹ wádòwádò tó ń ṣọ́ ẹja. Nílé, ó máa ń mú àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ wá síwájú àbà mi, á máa fi ọwọ́ júwe ibi tí yóò kó igi sí. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí, èmi náà ń wò ó. Ní ọ̀sẹ̀ kan tí ọjọ́ owó kù sí dẹ̀dẹ̀, ó ní ọkọ̀ òun kò ní fa ọkọ̀ ọkọ mi. Kò sí ẹja. Mo lọ ń bá àwọn obìnrin mìíràn yan ẹja gba owó ọ̀yà, èéfín fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ mi lójú. Mo san. N kò sanwó nítorí ìwà rere o, ẹ má ṣì mí yìn. Mo ń sanwó kí ẹsẹ̀ obìnrin yẹn má baà wọ àbà mi.

Mo yá, mo san, mo tún yá, mo tún san, títí akọ̀wé fi kọ ìwé ẹ̀rí. Mo gbé e lọ sí báǹkì. Onítáì náà ṣì wà níbẹ̀, ó ti yọ ikùn. Ó ka ìwé, ó ní ó dára, ṣùgbọ́n torí ọ̀rọ̀ ilé ìjọ́sí, kí n mú onídùúró mi wá kí òun bi í léèrè.

Bí mo bá rí ẹ́ńjìnnì rà, ìyálé mi kò ní fa ọkọ̀ wa mọ́, kò sì ní ṣa ẹja wa mọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lẹ́nu rẹ̀ tó láti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Mo sọ fún un ṣá. Ó wọkọ̀ tẹ̀lé mi lọ sí Igbókòdá.

Onítáì ní, "Ìyá, ṣé ẹ mọ obìnrin yìí?"

"Mo mọ̀ ọ́n. N kò fẹ́ràn rẹ̀. Agbéraga ni, kì í fẹ̀gbẹ́ fún àgbà lórí afárá."

Mo ti ń wá ọ̀nà ìlẹ̀kùn.

"Ọ̀rọ̀ gbèsè ńkọ́?"

Ìyálé mi fa gèlè rẹ̀ síwájú. "Torí kí n lè gba àbà rẹ̀ ni mo ṣe dúró fún un. Mo dènà dè é. Mo kọ̀ láti fa ọkọ̀ ọkọ rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó yẹ kó san. Ó san án. Obìnrin yìí kì í jẹ gbèsè, ó ti sú mi."

"Ilé rẹ̀ ńkọ́? Níbo ló wà?"

"Apá òsì ulé mi. Ibi yòówù kí òkun lé mi dé, ibẹ̀ ló máa wà."

Wọ́n ní ọ̀tá ẹni kì í pa òdù ọ̀yà. Tèmi pa á lójú mi. Onítáì fa kálámù yọ, ó kọ ọ́ bó ṣe wí i gẹ́lẹ́, àkáǹtì mi sì ṣí lọ́jọ́ náà.

Nínú ọkọ̀ nígbà tí a ń padà bọ̀, mo ní, "Ìyá wa, ẹ ṣeun." Ó ní òun kò ṣe é fún mi, òun kì í purọ́ nítorí ẹni tí òun kórìíra.

Lọ́jọ́ tí ọkọ mi gbé ẹ́ńjìnnì tí a fi owó báǹkì rà wá sílé, mo pàdé ìyálé mi lórí afárá, ó ru agbọ̀n òfìfo. Mo fẹ̀gbẹ́ fún un. Ó kọjá, kò kí mi, kò sì wo ojú mi. Lọ́jọ́ kejì a tún pàdé, n kò fẹ̀gbẹ́ mọ́.