Òórùn Tí Mo Fi Tùràrí Bò

Ẹ sún mọ́ ibí. Ẹni tó bá wà lórí ìdúró, kó wá àga. Ẹni tó bá ń kánjú, kó jẹ́ kí bọ́ọ̀sì yẹn máa lọ, òmíràn ń bọ̀ lẹ́yìn; èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀, ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo fi wa bọ́ọ̀sì ní London kí n tó fẹ̀yìn tì. Ọ̀rọ̀ èémí ni mo fẹ́ sọ, èémí ò sì ṣe é fi ìkánjú sọ. Ojú ń tì mí díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan nínú yín bá ń húkọ́ irú tèmi, ohun tó máa rí kọ́ níbẹ̀ á ju ojú tó ń tì mí lọ.

Àtẹ̀gùn ló kọ́kọ́ sọ fún mi. Àjà kẹta la ń gbé nínú ilé káńsù, ilé ìjọba ìbílẹ̀ tí à ń háyà, ní Peckham. Lọ́jọ́ kan nínú oṣù kẹwàá, líìfù, ẹ̀rọ tó ń gbéni ròkè, bàjẹ́, mo sì gbé àpò ìrẹsì kékeré kan lọ́wọ́. Orúnkún mi ló máa ń ráhùn lórí àtẹ̀gùn yẹn, èémí mi kì í dá sí i. Lọ́jọ́ náà, nígbà tí mo dé àjà kejì, mo dúró. Kì í ṣe pé mo fẹ́ dúró, ara ló dá mi dúró. Mo fa èémí, ó ṣe bí ẹni pé wọ́n ti dé ọmọrí lé àyà mi: afẹ́fẹ́ ń wọlé, kò dé ìsàlẹ̀. Mo fi ìdí lé àpò ìrẹsì.

Ìyá Sùlé, tó ń gbé ní àjà yẹn, ṣílẹ̀kùn. "Alájì, ṣé kò sí?"

"Kò sí. Mo ń ka àtẹ̀gùn ni."

"Mélòó ló kù?"

Mi ò lè dá a lóhùn.

Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ tí ikọ́ gbígbẹ fi dé, irú èyí tí kì í mú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ jáde, tó kàn ń gbọn ènìyàn bí igi. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, òtútù á mú mi, egungun á máa ro mí, ara á gbóná. Tó bá di àárọ̀, gbogbo rẹ̀ á ti lọ. Ibà ni mo pè é. Ọmọ Yorùbá wo ni ara rẹ̀ á gbóná tí kò ní pè é ní ibà, bó tiẹ̀ jẹ́ ní Peckham tí ẹ̀fọn ò ti rí ènìyàn jẹ? Mo ra oògùn ibà ní Rye Lane, mo lò ó tán, ikọ́ ò gbọ́.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ tí ó yẹ kó là mí lójú. Mo lọ lo ọjọ́ márùn-ún lọ́dọ̀ Kúdí, ọmọ wa obìnrin, ní Brockley. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ikọ́ ti rọlẹ̀. Lọ́jọ́ karùn-ún, mo rìn dé ìdí bọ́ọ̀sì láìdúró. Mo padà sílé, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, òtútù dé. Mo ní ọbẹ̀ Kúdí ló ń ṣe mí lóore. Ẹ fi sọ́kàn: àìsàn tó bá ń lọ nígbà tí ẹ bá kúrò nílé, tó ń bọ̀ nígbà tí ẹ bá wọlé, inú ilé ni kí ẹ ti wá a.

Nínú ilé mi nígbà náà, yàrá kan wà tí mo tì pa.

Orúnkún mi ló fà á. Egungun inú oríkèé méjèèjì ti gbó, wọ́n ń ha ara wọn. Ó ti dé ibi tí mi ò lè forí kanlẹ̀ mọ́, ìmáàmù wa sì ní kí n máa jókòó sórí àga kírun. Àga oníke funfun kan, lẹ́yìn pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn arúgbó tí ń sùn. Ẹ̀yin tí ẹ lè tẹ̀ tí ẹ lè dìde, ẹ ò mọ bí àga yẹn ṣe ga tó. Mo pinnu pé mi ò ní kú sórí rẹ̀.

Làtí, ọ̀rẹ́ mi tó ní ibi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò ní Old Kent Road, ló sọ fún mi pé ewé kan wà tí wọ́n ń sè sínú òróró, tí wọ́n fi ń ra oríkèé. Ó ní kì í ṣe mímu, fífi para ni. Mo bi í pé ewé wo. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má jẹ́ kí n pè é lórúkọ níwájú oníbàárà."

Igbó ni. Mo gbìn ín. Mo ti sọ ọ́.

Ìyàwó mi wà ní Ìsẹ́yìn láti oṣù kẹrin, ó ń tọ́jú ìyá rẹ̀, ilé sì dá. Mo kà á lórí fóònù pé wọ́n ń gbin nǹkan sínú omi láìlo ilẹ̀. Ọmọ àgbẹ̀ ni mí. Bí bàbá mi bá gbọ́ pé mo gbin nǹkan tí mi ò fọwọ́ kan erùpẹ̀, á rẹ́rìn-ín títí omi á fi jáde lójú rẹ̀. Bọ́kẹ́ẹ̀tì omi mẹ́rin, àgọ́ dúdú kan tí inú rẹ̀ ń dán bíi dígí, iná tó ń ṣe iṣẹ́ oòrùn, fáànù kan, àti ẹ̀rọ kékeré tó ń mú omi hó kùrùkùrù bí ìkòkò ẹ̀wà. Mẹ́rin péré ni mo gbìn. Mo ń bá wọn sọ̀rọ̀. Mo ń kí wọn láàárọ̀.

Nígbà tí wọ́n ru òdòdó, òórùn dé. Ẹ̀rù bà mí. Òfin ìlú yìí ò fàyè gba igbó gbígbìn, ilé káńsù sì ni mo wà; wọ́n lè gbà á. Ká tó wá sọ ti mọ́sáláṣí. Mo ti fèrèsé, mo fi téèpù lẹ̀ ẹ́ yíká. Mo ká tówẹ̀lì sí abẹ́ ilẹ̀kùn. Afẹ́fẹ́ tó yẹ kó jáde, mo há a mọ́lé pẹ̀lú omi tó ń gòkè láti inú bọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́rin. Mo wá ń sun tùràrí láàárọ̀ àti lálẹ́, lórí èédú, ní ẹnu ilẹ̀kùn yàrá náà. Ìyá Sùlé ní ilé wa ń ta sánsán bí ilé àlùjánnà. Ní mọ́sáláṣí, ìmáàmù fọwọ́ kan aṣọ mi, ó ní kí àwọn ọ̀dọ́ wá wo bí àgbà ṣe ń múra fún ìrun. Mo dúpẹ́, mo sì húkọ́.

Dókítà àdúgbò fún mi ní oògùn tó ń pa kòkòrò àìsàn lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí ìyẹn ò ṣiṣẹ́, wọ́n ya fọ́tò àyà mi, wọ́n sì fi mí ránṣẹ́ sí ọsibítù ńlá. Ìdúró ibẹ̀ gùn. Ènìyàn á jókòó láàárín àwọn tó ń húkọ́, á máa fetí sí ikọ́ oníkálukú bí ẹni ń wá ìbátan. Wọ́n ní kí n fẹ́ atẹ́gùn sínú páìpù kan pẹ̀lú gbogbo agbára mi. Mo fẹ́ ẹ títí ojú mi fi ṣókùnkùn, obìnrin tó dúró tì mí ní kí n tún un ṣe. Wọ́n ti mí sínú ẹ̀rọ roboto tó ń ya inú ara. Lọ́jọ́ mìíràn, wọ́n fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní kámẹ́rà gba imú mi dé inú ẹ̀dọ̀fóró, wọ́n fi omi díẹ̀ ṣàn án, wọ́n sì fa omi náà jáde láti yẹ̀ ẹ́ wò. Mi ò ní parọ́ fún yín, kò dùn. Ó ń ṣe ènìyàn bí ẹni tí omi fẹ́ gbé lọ láìkúrò lórí bẹ́ẹ̀dì. Ṣùgbọ́n kì í pẹ́, wọ́n sì di ọwọ́ mi mú.

Dókítà ẹ̀dọ̀fóró, obìnrin kan tó rọra ń sọ̀rọ̀, fi àwòrán hàn mí. Ibi tó yẹ kó dúdú, ó dà bí ìkùukùu. Orúkọ tí wọ́n ń pe àìsàn náà lédè òyìnbó gùn ju àtẹ̀gùn ilé wa lọ. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé ẹ̀dọ̀fóró ń bá nǹkan kan tó ń fà símú jà: eruku ìyẹ́, eruku koríko, tàbí ohun wínníwínní tí ń fò kúrò lára ògiri tó ti bu, bí búrẹ́dì ṣe ń bu. Ẹlòmíràn á fà á símú, kò ní ṣe é ní nǹkan kan. Ara ẹlòmíràn á gbógun tì í, àyà rẹ̀ ló sì máa jẹ́ ojú ogun.

Ó bi mí: ṣé mo ń sin ẹyẹ? Rárá. Ìrọ̀rí oníìyẹ́? Rárá. Ṣé ọ̀rinrin wà nílé, tàbí ògiri tó bu? Mo ní rárá. Ṣé mo ń sun nǹkan nílé? Mo ní tùràrí, díẹ̀díẹ̀. Ó ní kí n dáwọ́ rẹ̀ dúró, ó fún mi ní sítẹ́rọ́ìdì, oògùn tó ń pẹ̀tù sí ìbínú ara. Ojú mi wú, ebi ń pa mí bí ọmọ tuntun, mo sì sàn. Lẹ́yìn tí wọ́n dín oògùn kù, ikọ́ padà, ó sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Kúdí bá mi lọ lọ́jọ́ tí wọ́n tún pè mí. Dókítà gbé àwòrán méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ó ní, "Ẹ wo ìlà funfun wọ̀nyí nísàlẹ̀. Àpá ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀dọ̀fóró tó bá ti di àpá kì í padà di ẹ̀dọ̀fóró mọ́. Bí a kò bá rí ohun tí ẹ ń fà símú, oògùn mi ò ní lè gbà yín."

Mo yíjú sí Kúdí. "Lọ bá mi ra omi wá."

"Daddy, allow it, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Mi ò lọ ra omi kankan."

"Kúdí."

"Ẹ sọ fún un. Tàbí kí n bá yín sọ ọ́? Mo ti mọ̀ láti August. Daddy, Peckham ni mo ti lọ school. Ṣé ẹ rò pé tùràrí lè bo ìyẹn?"

Ẹ ò rí i? Ọmọ mọ̀. Ẹ̀dọ̀fóró mi nìkan ni mo rí tàn jẹ.

Mo wo ilẹ̀kùn. Mo rò ó pé bí mo bá sọ ọ́, ilé lè lọ, orúkọ lè lọ. Bí mi ò bá sọ ọ́, èémí á lọ, ta ló wá máa gbé inú ilé, ta ló máa jẹ́ orúkọ? Mo sọ ọ́. Mo sọ bọ́kẹ́ẹ̀tì, mo sọ àgọ́, mo sọ téèpù ojú fèrèsé. Mo ń retí kí dókítà gbé fóònù pe ọlọ́pàá. Bírò ló gbé.

"Ẹ ṣeun," ó ní. "Ògiri tó wà lẹ́yìn àgọ́ yẹn, ìgbà wo lẹ wò ó kẹ́yìn?"

Mi ò wò ó rí. Ó rán mi létí ní gbólóhùn kan pé igbó gbígbìn lòdì sófin, ó ní iṣẹ́ tòun ni kí n lè mí, ó sì ní mi ò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ mi tẹ yàrá náà mọ́.

Lọ́sẹ̀ yẹn náà ni ìyàwó mi ti Ìsẹ́yìn dé. Mo ti sọ fún un lórí fóònù. Ó kàn sọ aago tí ọkọ̀ òfuurufú òun máa balẹ̀ fún mi. Òun àti Kúdí fi nǹkan bo imú, wọ́n ṣílẹ̀kùn, èmi dúró ní pálọ̀ tí fèrèsé rẹ̀ wà ní ṣíṣí. Wọ́n fa àgọ́ kúrò. Ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú láti ilẹ̀ dé òrùlé, ó hu irun bí awọ ẹran. Òdòdó igbó náà ti bu láti inú wá. Ẹ̀kán òróró kan ò ní í jáde nínú rẹ̀. Kúdí gé gbogbo rẹ̀, ó dà á nù.

Ìyàwó mi jáde, ó bọ́ ìbọ̀wọ́. "Bàbá Kúdí, nígbà tí ẹ wá tọrọ mi, ẹ sọ fún bàbá mi pé iṣẹ́ oko ti sú yín."

"Ó sú mi lóòótọ́."

"Ó hàn."

Ó wá jókòó tì mí, ó sunkún díẹ̀, ó sì lọ po omi ọṣẹ. Ọ̀dọ̀ Kúdí la sùn títí wọ́n fi ha ògiri náà tí wọ́n kùn ún.

Ìwòsàn ò sáré. Oṣù mẹ́jọ ni. Ní ilé Kúdí, mo kọ́kọ́ ń rìn dé ẹnu ọ̀nà. Olùtọ́jú kan kọ́ mi bí a ṣe ń mí láti inú ikùn, tí a ń fi ètè tú u jáde bí ẹni ń fẹ́ tíì gbígbóná. Nígbà tí a padà sí Peckham, mo bẹ̀rẹ̀ àtẹ̀gùn: lọ́jọ́ kan, mẹ́fà, lọ́jọ́ kejì, méje. Líìfù ń ṣiṣẹ́, mi ò wọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ tí mo gùn ún dé òkè láìdúró, Ìyá Sùlé yọjú láti àjà kejì, ó ní, "Alájì, mélòó ni?" Mo ní mẹ́rìnléláàádọ́ta. Èémí kù tí mo fi dá a lóhùn.

Mo ti wá mọ̀ pé ara kì í parọ́ fún olúwa rẹ̀. Ó sọ fún mi lórí àtẹ̀gùn, ó sọ ní Brockley, ó sọ níwájú ìmáàmù. Èmi ni mo ń sun tùràrí sí i lẹ́nu. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun fún èémí tó ń dé ìsàlẹ̀, àti fún ọmọ tó kọ̀ tí kò lọ ra omi.

Ogún tó kù, báyìí la ṣe pín in. Ìyàwó mi jogún yàrá. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ló wà níbẹ̀, fèrèsé kì í sì í padé. Kúdí jogún bọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́rin, ó rọ erùpẹ̀ sínú wọn, ó gbin efinrin sí bálíkónì rẹ̀. Làtí jogún fáànù, pẹ̀lú èébú tí ìyàwó mi fi lé e lọ́wọ́. Ìyá Sùlé jogún ìkòkò tùràrí. Mo sọ fún un pé kó máa ṣí fèrèsé. Èmi jogún àpá tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró mi, tí dókítà ní kò tóbi mọ́.

Orúnkún ò sàn. Mo jogún àga funfun náà pẹ̀lú. Mo gbé e kúrò lẹ́yìn, mo fi ọwọ́ ara mi gbé e dé ìpẹ̀kun sàfù kìíní, ìlà iwájú pátápátá ní mọ́sáláṣí, mo jókòó, mo sì mí.