Iná Tíì Lórí Òkè Kàbbà

Kì í ṣe ẹmu ni mo mu lọ́jọ́ náà. Tíì ni mo fẹ́ mu, n kò sì rí i mu. Mo tètè sọ ọ́ nítorí mo mọ̀ yín: bí ènìyàn bá ti ní ojú òun rí nǹkan, ẹnu rẹ̀ lẹ ó kọ́kọ́ gbóòórùn. Ojú tí mo fi kàwé gboyè ní Ìbàdàn ni mo fi rí i. Ìyàwó mi náà rí i, òun kì í sì í gbè mí lẹ́sẹ̀ bí mo bá ń parọ́.

Ṣadé lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ẹ̀gbá. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣègbéyàwó nígbà náà, a jọ ń ṣe tíṣà ní Ìkàrẹ́. Lọ́jọ́ Ẹtì kan nígbà ọyẹ́, a wọ lọ́rì wá sí Kàbbà láti lo òpin ọ̀sẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá mi. Ṣadé kò dé ibẹ̀ rí.

Ìyá mi pa adìẹ fún un. Ṣùgbọ́n "àlejò mi" ló ń pè é. Àlejò mi, jókòó. Àlejò mi, má fọwọ́ kan abọ́ yẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe ìyàwó ilé rí mọ̀ pé èébú ni. Ṣadé sọ fún mi wẹ́rẹ́ pé bí òun bá ṣe àlejò títí a ó fi lọ, òun kò ní wá mọ́ láé. Mo mọ̀ ọ́n. Kò ní wá.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo ní kó jẹ́ ká gun òkè ẹ̀yìn ilé wa. Láti Ìkàrẹ́ ló ti ń ki Olúmọ fún mi nínú lọ́rì. (Ẹni tó bá fẹ́ ọmọ Ẹ̀gbá, ó fẹ́ Olúmọ mọ́ ọn.) Mo fẹ́ kó mọ̀ pé àwa náà ní òkè tó gba àwọn bàbá wa là, nígbà tí àwọn ẹlẹ́ṣin Tápà ń wá kó ènìyàn lẹ́rú.

Èèwọ̀ òkè náà kò ju méjì lọ: a kì í dáná níbẹ̀, a kì í sì í pariwo. Àwọn tó ń dáko nísàlẹ̀ rẹ̀, oúnjẹ tútù ni wọ́n ń gbé lọ. Èmi wá ńkọ́? Mo ti rí bí àwọn òyìnbó ṣe ń mu tíì lórí àpáta ní Ìbàdàn. Mo gbé kẹ́túlù, agolo mílíìkì àti ife méjì. Mo wọ ìbọ̀sẹ̀ gígùn, mo sì de táì. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: mo de táì gun òkè.

Mo dáná. Ọ̀sán gangan ni, kì í ṣe òru. Èéfín rẹ̀ gbéra lọ sókè tààrà.

Ni gbogbo ẹyẹ bá dákẹ́.

Obìnrin kan yọ láti ẹ̀yìn àpáta, ó pọn ọmọ. Mo kí i ní "Okun o," bí a ti ń kíra wa. Ó kúnlẹ̀, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tẹ iná náà títí tó fi kú. Kò tilẹ̀ ṣẹ́jú.

Ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: "Wọ́n á rí wa."

Ìgbà náà ni mo gbọ́ pátákò ẹṣin nísàlẹ̀, nínú kùrukùru ọyẹ́. Mo bojú wẹ̀yìn. Ẹ gbà mí gbọ́, kò sí àpáta tí ènìyàn kò lúgọ sí lẹ́yìn. Àgbà, aláboyún, àwọn ìyá tó fọwọ́ bo ọmọ lẹ́nu. Mo fọwọ́ bo táì mi.

Ọmọ tí obìnrin náà pọ̀n fẹ́ bú sẹ́kún. Obìnrin náà tú u sílẹ̀, ó sì wo èmi ọmọ onílẹ̀ láti orí táì dé ìbọ̀sẹ̀, ó gbójú kúrò. Ṣadé ló gbé ọmọ fún.

Ṣadé fi ojú ọmọ náà mọ́ àyà, ó ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún láìgbin. Àwọn ẹṣin dé ibi tí ọ̀nà òkè ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan yán. Omijé ń ṣàn lójú ìyàwó mi, ṣùgbọ́n apá rẹ̀ kò mì. Ọmọ náà kò ké.

Àwọn ẹṣin yí padà, díẹ̀díẹ̀.

"O ṣé, ìyàwó wa," ni obìnrin náà wí. Kí n tó ṣẹ́jú, kò sí ẹnìkan mọ́ lẹ́yìn àpáta kankan.

Nígbà tí a sọ̀kalẹ̀, Ṣadé sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyá mi. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ìyá mi bi í: ṣé ọmọ náà ké? Ṣadé ní rárá, mà. Ìyá mi dìde, ó ní kí ìyàwó òun wá gúnyán. Lọ́jọ́ Àìkú, ó fà á lọ́wọ́ wọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó mú un jókòó láàárín àwọn ìyàwó ilé wa, ó ń wo gbogbo ìjọ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé Olúmọ wá sí Kàbbà. Orí mi wú. Kò sẹ́ni tó béèrè oyè tí mo gbà ní Ìbàdàn, mo sì dárí jì wọ́n.

A ti padà dé Ìkàrẹ́. Ṣadé ń dín dòdò, ó kàn dúró.

"Ta ni mo gbé ọmọ náà padà fún?"

Mo ronú. Mo rántí kẹ́túlù lọ́wọ́ mi bí a ti ń sọ̀kalẹ̀. Mo rántí pé ó ká apá méjèèjì mọ́ àyà lójú ọ̀nà, mo rò pé òtútù ló ń mú un. N kò rántí ìgbà tó tú apá náà sílẹ̀.

Bí ẹ bá gun òkè náà, tí wọ́n gbé ọmọ lé yín lọ́wọ́, ẹ gbà á, ẹ má jẹ́ kó ké. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó sọ̀kalẹ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ wo ọwọ́ yín.