Etí Kẹ̀kẹ́ Màmá Harriet

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Lálẹ́ òní, àlọ́ mi fo ìjàpá kọjá, ó fo ọba àti ìjòyè kọjá, ó rìn títí, ó lọ jókòó ti ọkùnrin kan tí ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Boundary, ní Ajégúnlẹ̀. Ṣàfíù ni orúkọ rẹ̀.

Ṣàfíù yìí, ọmọ alágbẹ̀dẹ ni. Ìdí ẹwìrì baba rẹ̀ ní Ìgbòho ló dàgbà sí. Ohun tí baba rẹ̀ kọ́ ọ kò pọ̀: irin tí kò bá tíì pọ́n, má lù ú, èyí tó bá ti pọ́n, má jẹ́ kó tutù mọ́ ọ lọ́wọ́. Ẹ̀kọ́ yìí ló gbé wá sí Èkó. Kẹ̀kẹ́ tó bá ká bí ìwo àgbò, Ṣàfíù á nà án. Fírémù tó bá dá sí méjì, á so ó pọ̀, ẹ ò ní í rí ojú àpá. Tí wọ́n bá yìn ín, á ní irin kì í purọ́ fún ọmọ ẹni tó rọ ọ́.

Ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà rẹ̀ ni Màmá Harriet, agbẹ̀bí ìjọ kan nítòsí ibẹ̀. Àgbà obìnrin ni, ṣùgbọ́n tó bá ká ìró mọ́ra, tó so báàgì mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, tó gbéra, ńṣe ni àwọn ọmọdé ń sáré tẹ̀lé e. Ọmọ rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní èbúté Àpápá ló ra kẹ̀kẹ́ náà fún un, tòkunbọ̀ tó bá ọkọ̀ ojú omi dé, tó fúyẹ́ bí ìyẹ́, tó sì ní jíà. Lásìkò tí mò ń wí yìí, epo mọ́tò wọ́n gógó, ọkọ̀ kò sí lójú títì. Kẹ̀kẹ́ yẹn ni ẹsẹ̀ Màmá Harriet. Aboyún ń rọbí ní Ajégúnlẹ̀ o, ó ń rọbí ní Ìjọrà Bàdíà o, kẹ̀kẹ́ yẹn ni wọ́n ń retí.

Wàyí o, lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ oníjíà, ohun pẹlẹbẹ kan wà níbẹ̀ tí kò ju àtàǹpàkò lọ. Òun ni wọ́n fi gbé jíà kọ́ sára kẹ̀kẹ́. Etí ni àwọn tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ń pè é. Bí etí bá wọ́, jíà á wọ́, ṣéènì á sì máa já bọ́. Lọ́jọ́ kan, kẹ̀kẹ́ Màmá yọ̀ lórí pákó tí wọ́n tẹ́ sórí gọ́tà, ó fi ìhà ṣéènì balẹ̀, etí wọ́. Ṣàfíù tẹ̀ ẹ́ padà, ó gbọ́. Kò pẹ́, ó tún wọ́. Bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ padà lẹ́ẹ̀kejì, ó dún kẹ́, ó dá.

Màmá Harriet kò bínú. Ohun kan péré ló bèèrè: ṣé kẹ̀kẹ́ kò lè lọ láìsí jíà? Ṣàfíù mọ̀ pé ó lè lọ. Kó tú jíà dànù, kó gé ṣéènì kúrú, kó so ó mọ́ ọ̀kan ṣoṣo nínú àwọn irin eléyín ẹ̀yìn, kẹ̀kẹ́ á máa lọ bíi ti àtijọ́. Ṣùgbọ́n ojú ń tì í. Ó ń ro bí wọ́n á ṣe máa sọ ọ́ káàkiri Boundary pé Ṣàfíù gba kẹ̀kẹ́ pípé, abirùn ló dá padà.

"Màmá, ẹ fi sílẹ̀ dọ̀la," ó ní. "Ẹ ò ní í gun kẹ̀kẹ́ tí kò létí níṣojú mi."

"Ṣàfíù, mi ò bá ẹ wá ẹwà. Oyún Dinah ti gbó. Ti àkọ́kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e lọ. Ọjọ́ tí wọ́n bá pè mí, àfi kí n tètè dé."

Dinah tí wọ́n ń wí yìí kì í ṣe àjèjì sí Ṣàfíù. Ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló ti ń ta búrẹ́dì àti ẹ̀wà kó tó lọ sílé ọkọ ní Bàdíà. "Ọkọ mi" ló máa ń pè é, ó fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni, nítorí Ṣàfíù kì í jẹun tán kó má bèèrè èènì.

Dọ̀la di ọ̀tunla. Ṣàfíù lọ sí Àpápá, lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ nítòsí èbúté, ó ń yẹ etí wò lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń yẹ ẹyin wò. Kò rí èyí tó bá a mu. Kẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní etí tirẹ̀. Màmá tún yà, Ṣàfíù tún ní dọ̀la.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò ṣú, ó mú etí náà lọ bá Ovie, wẹ́dà tí ṣọ́ọ̀bù wọn jọ kángun síra. Ovie yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún, ó gbé e lé àtẹ́lẹwọ́ wo bó ṣe fúyẹ́ tó.

"Ẹ̀gbọ́n, dis one no be iron o. Na aluminium."

Ṣàfíù ní kó gbé iná wá jàre, ta ló ń kọ́ ọmọ alágbẹ̀dẹ ní iná? Ó gba iná lọ́wọ́ rẹ̀, ó kọjú rẹ̀ sí etí, ó ń retí kó pọ́n. Irin á kọ́kọ́ dà bí obì, á wá dà bí osùn, á sọ fún ọ pé ó tó. Èyí kò sọ nǹkan kan. Funfun ló wà, funfun ló ń wò ó. Ovie ní ó ti tó. Ṣàfíù ní kò tíì pọ́n. Ọ̀rọ̀ ò tíì kúrò lẹ́nu rẹ̀ tí etí náà fi kán sílẹ̀ bí omi àbẹ́là.

Wọ́n ṣì ń wo ilẹ̀ nígbà tí Màmá Harriet dé tòun ti báàgì. Wọ́n ti wá pè é láti Bàdíà. Ó wo kẹ̀kẹ́, ó wo ohun tó wà nílẹ̀. Ó yí padà, ó forí lé ọ̀nà. Òjò bẹ̀rẹ̀.

Ìgbà yẹn ni Ṣàfíù wá gé ṣéènì. Ẹ̀yin ọmọ mi, iṣẹ́ tó ń fi dọ̀la dọ̀la sún síwájú, omi tá a gbé kaná kò tíì ní í hó tó fi parí. Ó fò sórí kẹ̀kẹ́, ó sáré. Lẹ́bàá ojú irin rélùwéè ló ti bá Màmá, tó fọwọ́ di orúnkún mú, tó ń wọ́ ẹsẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Màmá gba kẹ̀kẹ́, ó gùn ún, ó lọ. Kẹ̀kẹ́ náà ń lọ geere, ṣéènì kò já rárá.

Nígbà tí Ṣàfíù fẹsẹ̀ rìn débẹ̀, ó bá kẹ̀kẹ́ tó fara ti ògiri. Ó dúró síta, ó ń tẹ́tí sí igbe ọmọ. Òjò orí páànù nìkan ló ń gbọ́. Ó pẹ́ kí Màmá Harriet tó jáde. Ìyá wà láàyè. Ọmọ kò ké.

"Màmá, tí ẹ bá ti tètè dé ńkọ́?"

"Bóyá." Màmá ń ká aṣọ tó fi nuwọ́. "Ó sì lè jẹ́ bákan náà. Mi ò mọ̀, Ṣàfíù. Ìwọ náà ò ní í mọ̀."

Ohùn Dinah jáde láti inú yàrá, ó ti rẹ̀ ẹ́ gan-an, ó ń bèèrè ẹni tó wà níta. Màmá ní Ṣàfíù ni.

"Ọkọ mi," ó ní, "ṣé o ti bá Màmá tún kẹ̀kẹ́ wọn ṣe?"

Ṣàfíù wo kẹ̀kẹ́ tó fara ti ògiri. "Mo ti tún un ṣe."

"O ṣeun," ni Dinah wí.

Òun ló bá a délé, "o ṣeun" yẹn. Òun ló ń bá a jẹun, tó ń bá a sùn. Dinah bí òmíràn nígbà tó yá, ó pọ̀n ọ́n wá kí Ṣàfíù, ó tún pè é ní ọkọ mi lójú gbogbo ayé. Ṣàfíù tẹ orí mọ́ ṣéènì tó ń fọ̀. Ó fẹ́ sọ pé òun ló fi dọ̀la dọ̀la dá Màmá dúró. Ṣùgbọ́n tó bá sọ, ẹrù tòun á fúyẹ́, ta ni yóò wá rù ú? Ó gbé e mì. Ọdún ń gorí ọdún, kò tíì sọ.

Títí dòní, ẹni tó bá gbé kẹ̀kẹ́ tí etí rẹ̀ dá tọ̀ ọ́ wá, kì í kọ́kọ́ wo kẹ̀kẹ́. Á bèèrè pé, "Níbo lẹ ń lọ? Ta ló ń retí yín?" Tí wọ́n bá ti dáhùn, á gé ṣéènì, á ní kí wọ́n máa lọ, kí wọ́n padà wá nítorí ẹwà. Àwọn kan ń bú u lọ́lẹ. Ovie ń pè é ní Baba Agéṣéènì. Ó ń gé ṣéènì rẹ̀ lọ.

Ẹ má bi mí bóyá á sọ fún Dinah kó tó kú. Ibi tí mo bá a dé nìyẹn. Òṣùpá ti ń bọ́ sẹ́yìn ilé. Ẹ dìde, kí oníkálukú lọ tọ̀, kí ẹ má lọ tọ̀ sórí ẹní mi. Ẹ lọ sùn.