Òkìtì Màdáámù Ilẹ̀dú

Láàárọ̀ ọjọ́ ìpàdé náà, ara Màdáámù Ilẹ̀dú kò balẹ̀ rárá. Ó wọ bàtà, ó tún bọ́ ọ. Ó po tíì, kò mu ún. Ọkọ rẹ̀ tó ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ wò ó títí.

"Ṣé orí fóònù lo ti fẹ́ bá wọn pàdé ni, àbí iwájú adájọ́?"

"Ẹ fi mí sílẹ̀ jàre, olówó orí mi."

Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ni Màdáámù. Àwọn ọmọ ilé ìwé ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn nítorí òkìtì kan lẹ́yìn kíláàsì. Èèpo èso, koríko àti ewé gbígbẹ ni wọ́n ń dà síbẹ̀, tí wọ́n ń wọ́n omi sí i, tí wọ́n ń yí i padà, títí tó fi ń di ilẹ̀dú tí wọ́n máa fi gbin ẹ̀fọ́. Ó wà nínú ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ káàkiri ayé tó ń pàdé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ń kọ́ ara wọn bí wọ́n ṣe lè kọ́ ọmọ láti lo ayé lónìí láìba ti ọ̀la jẹ́. Òun ló kàn lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní àwọn kò fẹ́ fọ́tò. Kó gbé fóònù lọ sí ìdí òkìtì náà gan-an.

Ẹnu géètì ló ti gbóòórùn eéfín. Ó sáré yí ẹ̀yìn kíláàsì, ó bá ọ̀gá àgbà ilé ìwé tó de táì tuntun mọ́rùn, tó ń rẹ́rìn-ín níwájú òkìtì eérú.

"Màdáámù, ẹ wá wo iṣẹ́! Àlejò òkè òkun ń bọ̀, kí wọ́n wá bá ààtàn nílé ìwé mi? Mo ti ní kí wọ́n finá sí i."

"Ọ̀gá, ààtàn yẹn ni wọ́n fẹ́ wò!"

"Èérí? Ẹ má fi mí ṣàwàdà láàárọ̀ yìí."

Kò sí àyè àríyànjiyàn mọ́. Fóònù ti ń dún. Ó rò ó pé kóun pa á, kóun sọ fún wọn lẹ́yìn náà pé orí ló ń fọ́ òun. Ó rò ó pé kóun fi ọgbà ẹlòmíràn hàn wọ́n. Ló bá kọjú fóònù sí eérú, ó sọ ọ́ bó ṣe rí.

Obìnrin kan nínú wọn, tí yìnyín bo fèrèsé ẹ̀yìn rẹ̀, bú sẹ́rìn-ín.

"Ọ̀gá tiwa da símẹ́ǹtì lé tiwa lórí. Wọ́n ní kí ibẹ̀ lè dùn ún wò."

"Kí lẹ wá ṣe?"

"A gbé ṣọ́bìrì lé wọn lọ́wọ́. Ẹni tí kò bá fọwọ́ kàn án kò lè mọ̀ ọ́n. Ọ̀gá tiyín dà?"

Ọ̀gá àgbà ti ń tún táì ṣe lẹ́yìn fóònù, ó rò pé wọ́n fẹ́ kí òun káàbọ̀ ni. Kó tó mọ̀, Màdáámù ti fi ṣọ́bìrì lé e lọ́wọ́, gbogbo ayé sì ń wò ó. Ó walẹ̀. Eérú kọjá, ilẹ̀ dúdú bí kóró iṣin yọ. Ọ̀rinrin inú rẹ̀ ni kò jẹ́ kí iná dé ìsàlẹ̀. Ekòló kan yọ orí.

"Yéè! Ó ń rìn!" Ọ̀gá fò sẹ́yìn. Àwọn tòkèèrè pàtẹ́wọ́. Ó tún sún mọ́ ọn, ó bẹ̀rẹ̀, ó bu ilẹ̀ náà, ó gbọ́ òórùn rẹ̀. Ó tún bu ẹ̀kúnwọ́ mìíràn.

Nígbà tí Màdáámù délé, ọkọ rẹ̀ ní, "Ìpàdé ńkọ́?"

"Òkìtì ò kú. Ṣùgbọ́n ọ̀gá ti gbà á lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má da nǹkan síbẹ̀ láìjẹ́ pé àwọn rí i. Wọ́n ti pè mí lórí fóònù láìmọye ìgbà, ṣé ó yẹ kí wọ́n wọ́n omi sí i lálẹ́ yìí."

"Ṣé ó yẹ?"

"Kò yẹ." Ó gbé tíì rẹ̀, ó tún gbé e kalẹ̀, ó wo fóònù tó tún ń dún. "Ẹ jẹ́ n tètè gbé e, kí wọ́n má baà rì í sómi."