Ṣílè Kan Lóṣooṣù Nítorí Ibojì Màmá

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí mo bá jókòó sórí àga tí ẹsẹ̀ mi kò kanlẹ̀, èmi ni akọ̀wé ilé wa ní Ìgbẹ̀ìn, ní Abẹ́òkúta. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Ilé náà kún fún àgbàlagbà fọ́fọ́, ṣùgbọ́n èmi ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nìkan ni Gẹ̀ẹ́sì mi tó láti ka ìwé owó oṣù bàbá mi, kí ará ilé tó mọ iye tí wọ́n yọ nínú owó náà àti ìdí tí wọ́n fi yọ ọ́.

Ohun tó mú mi la ẹnu lónìí kò ju pé ọmọ ọmọ mi kan wà ní ilẹ̀ Ṣáínà, tó ń kọ́ àwọn ọmọ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù tó kọjá, ó fi àwòrán ìwé owó oṣù rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ lórí fóònù, kí ó lè rí i pé òun kọ́ ni òun ń ná owó tí kò délé. Wọ́n yọ owó orí, wọ́n yọ owó ilé, wọ́n tún yọ owó ọjọ́ ogbó, bẹ́ẹ̀ ọmọ náà kò ní dúró gbó síbẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní irọ́ ni, obìnrin ló ń jẹ owó náà. Mo wo ọmọ tí mo fi inú mi bí, mo pòṣé. Mo ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí rí lẹ́nu ìyá tèmi, ó sì ti lé ní àádọ́rin ọdún.

Tíṣà ni bàbá mi. Lẹ́yìn tí ogun òyìnbó parí, ilé ìwé ìjọ kan ní Gold Coast, tí ẹ̀yin ń pè ní Gánà báyìí, ń wá ẹni tí yóò máa kọ́ àwọn ọmọ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì. Bàbá mi kọ̀wé sí wọn, wọ́n gbà á. Láyé ìgbà náà, ẹni tó bá ti kàwé díẹ̀ ní Abẹ́òkúta gbà pé lẹ́yìn òyìnbó fúnra rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì tòun ló dùn jù. Ìgbéraga wa kì í ṣe kékeré. Owó tí wọ́n dárúkọ fún un fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì èyí tó ń gbà nílé, kò sì sí ẹni tí kò gbọ́ iye náà ládùúgbò. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ni iye tí wọn yóò máa yọ nínú rẹ̀. Bàbá mi gan-an kò mọ̀ títí ó fi débẹ̀.

Oṣooṣù ni a ń lọ gba lẹ́tà rẹ̀ ní pósọ́fíìsì Ìbarà. Ìwé kékeré kan máa ń wà nínú rẹ̀ tó le díẹ̀ bíi páálí, tí òǹtẹ̀ ilé ìwé wà lára rẹ̀. Nínú lẹ́tà àkọ́kọ́, bàbá mi túmọ̀ ìlà kọ̀ọ̀kan fún mi, ó ní kí n há a sórí. Owó tí wọ́n pè fún un ló wà lókè. Wọ́n á yọ owó orí ìjọba ibẹ̀ kúrò, wọ́n á yọ owó ilé tó ń sùn, wọ́n á yọ owó ọkọ̀ ojú omi tó gbé e lọ, èyí tí gbogbo wa rò pé ọ̀fẹ́ ni. Wọ́n á tún mú díẹ̀ tí wọ́n ń bá a pa mọ́ di ọjọ́ tó bá parí iṣẹ́. Nísàlẹ̀ pátápátá ni ṣílè kan wà, tí wọ́n kọ sí i pé ti ìjọ ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé ṣílè yẹn.

Inú ìyá mi kò dùn sí ìwé yìí rárá. Àkókò náà gan-an ni àwọn obìnrin Ẹ̀gbá ń bínú owó orí, ìyá mi sì wà lára àwọn tó ń lọ jókòó níwájú ààfin. Ó ní nílé níbí, agbowó-orí á kan ilẹ̀kùn, a ó rí ojú rẹ̀, a ó sì bú u dáadáa. Irú owó orí wo ni wọ́n ń gbà kí owó tó kan olówó lọ́wọ́? Bí mo bá ti kà á tán, á já a gbà lọ́wọ́ mi, á sọ ọ́ padà. Á ní, "Ìwé tí kò ṣeé sè, tí kò ṣeé jẹ." Èmi á sì lọ fi í sínú agolo bisikíìtì tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi. Ó ti kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé kí n tọ́jú gbogbo wọn, ọ̀kan kò gbọdọ̀ sọnù.

Nítorí Màmá ni. Màmá ni ìyá tó bí bàbá mi lọ́mọ, arúgbó tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó ti ta obì títí eegun ẹsẹ̀ rẹ̀ fi kọ̀ ọ́. Ọkọ rẹ̀ ti kú tipẹ́, ó wà ní itẹ́ òkú ìjọ wa, ààyè kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀. Ààyè yẹn ni gbogbo ọrọ̀ tí Màmá ní láyé. Bí a bá ti ibẹ̀ kọjá, á fi ọ̀pá rẹ̀ tọ́ka, á ní, "Yàrá mi rè é." Ṣùgbọ́n ìjọ náà, tí n kò ní dárúkọ, ní òfin. Wọ́n pín ọmọ ìjọ sí ẹgbẹ́ kéékèèké tí wọ́n ń pè ní kíláàsì; ẹni tó bá ń san owó kíláàsì rẹ̀ lóṣooṣù títí ọjọ́ ikú rẹ̀ ni wọ́n ń lu agogo fún, tí akọrin ń tẹ̀ lé, tí wọ́n sì ń fún nílẹ̀. Kí ìyá rẹ̀ arúgbó má baà máa wá ṣílè kiri ni bàbá mi ṣe bá àwọn ará ọ̀hún sọ ọ́. Ìjọ kan náà ni ti ọ̀hún àti ti ilé. Wọ́n ní kò sí wàhálà, àwọn á máa yọ ọ́ nínú owó oṣù rẹ̀, àwọn á máa fi ránṣẹ́. Ọkàn Màmá balẹ̀ pẹ̀sẹ̀.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan lóṣooṣù, lẹ́yìn ìsìn, àwọn ọmọ kíláàsì á jókòó yí olórí wọn ká, olórí á máa pe orúkọ, wọ́n á máa mú owó jáde. Olórí náà jẹ́ bàbá jẹ́jẹ́ kan tó mọ ẹ̀tọ́. Bó bá pe Màmá, Màmá á gbé orí sókè, á ní, "Ọmọ mi ń san án." Bàbá náà á mi orí, á ní, "Kò burú, Màmá. Ẹ má ṣèyọnu." Á kọjá sórí orúkọ tó kàn. Ẹ ò rí i? Ó rò pé arúgbó ń bẹ òun pé kí òun ṣe sùúrù kí ọmọ rẹ̀ tó dé. Ìwé iwájú rẹ̀ òfìfo ni, ṣùgbọ́n báwo ni yóò ṣe dójú ti ìyá tíṣà láàárín èrò? Màmá náà kò sì lè béèrè pé ṣé ó ń dé, nítorí bí ẹni tó ń fura sí ọmọ ara rẹ̀ ni yóò rí. Àwọn méjèèjì ń pọ́n ara wọn lé. Odidi ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi bọ̀wọ̀ fún ara wọn báyìí.

Ó wá kan tèmi, mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Obìnrin kan ń ta ẹ̀pà yíyan lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé wa. Bébà wọ́n nígbà yẹn, ìwé àlòkù ló sì fi ń ká ẹ̀pà rẹ̀. Ọmọ tó bá mú ìwé wá, á bu ẹ̀kúnwọ́ kan fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Ìwé iṣẹ́ mi àtijọ́ ni mo kọ́kọ́ ń mú lọ. Nígbà tó tán, mo rántí agolo. Ìwé owó oṣù bàbá mi le, kì í tètè ya, ẹ̀pà kì í jò nínú rẹ̀. Obìnrin náà fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ẹ̀kúnwọ́ méjì ló ń bù fún mi. Mo ṣebí ìyá mi ló ní kò ṣeé jẹ. Mo ti rí ọ̀nà tí a ń gbà jẹ ẹ́. Ọ̀kan lónìí, ọ̀kan lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, títí agolo fi ku lẹ́tà nìkan.

Màmá kú ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, lójú oorun, kò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi sáré lọ sọ́dọ̀ ìjọ kí wọ́n lu agogo. Ó padà wá láìsí agogo. Àwọn ìgbìmọ̀ ti ṣí ìwé, wọ́n rí ọdún mẹ́ta lófìfo, orúkọ Màmá kò sì sí lára àwọn ọmọ ìjọ mọ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní òun á san gbogbo rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ní òkú kì í wọ ìjọ. Ó fi lẹ́tà bàbá mi hàn wọ́n, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọ nìyẹn, ẹnikẹ́ni lè kọ lẹ́tà. Olórí kíláàsì ló bẹ̀ wọ́n, ẹkún ni bàbá náà ń sun bó ṣe ń bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n tó gbà pé bí a bá rí ìwé tó ní òǹtẹ̀, tó fi hàn pé wọ́n ń yọ owó náà nígbà tó wà láàyè, àwọn á gbà á. Òun fúnra rẹ̀ ló tẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n bàbá mi wálé.

Ó wò mí, ó ní, "Ìwọ akọ̀wé, bá wa kó àwọn ìwé náà wá. Ẹyọ kan péré tó. Bí mo bá rí i, ẹ̀gbẹ́ ọkọ rẹ̀ ni Màmá yóò sùn lónìí."

Mo gbé agolo wá. Wọ́n dà á sílẹ̀. Wọ́n tú àpótí, wọ́n gbọn ẹní, wọ́n wo abẹ́ ibùsùn tí Màmá nà sí. Èmi náà ń bá wọn wá a. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: mo ń bá wọn wá ohun tí mo ti jẹ. Nígbà tí ẹnikẹ́ni kò wò mí mọ́, mo sá lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́pà, mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó yẹ apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ wò, bóyá ó ku ẹyọ kan. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ta ló ń tọ́jú ìdì ẹ̀pà, ọmọ yìí?"

Wáyà tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí bàbá mi kò lè dé kí ọjọ́ tó lọ, òkú kì í sì í dúró nígbà yẹn. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ sí, nítòsí okùn tí a ń sá aṣọ sí. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ wá, ṣùgbọ́n wọn kò wọ aṣọ funfun wọn, wọn kò sì gbé orin sókè. Ìyá mi, tó ti ń fọ̀rọ̀ gún bàbá mi láti ọdún mẹ́ta, ló sunkún jù nínú gbogbo wa.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, bàbá mi dé. Nítorí pé àkókò tó fọwọ́ sí kò tíì pé, wọn kò fún un ní gbogbo owó tí wọ́n bá a pa mọ́. Ó ti wádìí ṣílè Màmá lọ́hùn-ún. Ṣé ẹ mọ ibi tó wà? Inú ìwé akápò ìjọ ibẹ̀ ni. Oṣooṣù ló ń kọ ọ́ sílẹ̀, pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé tó dára, ó sì ń dúró kí ẹnì kan wá sọ ìjọ tí òun ó fi ránṣẹ́ sí. Ẹnì kankan kò béèrè. Kò sí ẹni tó jí i. Ì bá sàn kó jẹ́ olè ló kó o, à bá rí ẹni ṣépè fún.

Bàbá mi pè mí sí yàrá rẹ̀. Kò pariwo. Ó ní, "Níbo ni àwọn ìwé tí mo ní kí o tọ́jú wà?"

Mo ní, "Èkúté ló jẹ wọ́n, Bàbá."

Ó gbà mí gbọ́. Ohun tó ń dùn mí títí dòní nìyẹn, ó gbà mí gbọ́. Ó ra pàkúté mẹ́ta lọ́jọ́ náà, ó dẹ wọ́n yí yàrá ká.

Nígbà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún kan, owó náà dé láti ọ̀hún, gbogbo rẹ̀ pátá. Olórí kíláàsì mú rìsíìtì wá, fìlà rẹ̀ lọ́wọ́. Orúkọ Màmá ni wọ́n kọ sí i, pé kò jẹ ìjọ ní kọ́bọ̀. Bàbá mi kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó nà án sí mi. Ó ní, "Tọ́jú u. Má jẹ́ kí èkúté débẹ̀." Kò bá mi sọ ọ̀rọ̀ náà mọ́ títí ó fi kú. N kò sì jẹ́wọ́ fún un.

Ayé ti yí lóòótọ́. Ẹlẹ́pà ti ń fi ọ̀rá ká ẹ̀pà, oko tí a ń lọ ní Ádìgbẹ ti di ilé alájà, ìwé owó oṣù ti wọnú fóònù, kò sí ọmọ tó lè mú un lọ sẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé. Mo pe ọmọ ọmọ mi ní Ṣáínà láàárọ̀ yìí, mo jẹ́ kó túmọ̀ gbogbo ìlà ìwé rẹ̀ fún mi. Ó mọ̀ wọ́n lámọ̀dunjú, bí bàbá mi ṣe mọ tirẹ̀. Mo wá bi í pé owó tí wọ́n ń yọ yẹn, ọwọ́ ta ló wà, ta ló sì ti lọ béèrè pé ó débẹ̀? Ó ní, "Ìyá àgbà, n kò tíì béèrè."

Mo ní kó lọ béèrè kí ilẹ̀ ọ̀la tó ṣú. Lẹ́yìn náà ni mo gbé agolo bisikíìtì mi sọ̀kalẹ̀, mo ṣí i. Rìsíìtì Màmá wà níbẹ̀ bó ṣe wà láti ọjọ́ tí bàbá mi ti nà án sí mi. Èkúté kankan kò fẹnu kàn án.