Àgbẹ̀dẹ Ìbọn Tó Wà Lẹ́yìn Ilé Wa

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí n kò lè ṣe ju kí n ru èédú lọ, mo ti mọ̀ pé a kì í sọ òtítọ́ fún àlejò tó bá wọ ṣòkòtò kakí wá sílé wa. Ìyìn-Èkìtì ni ilé náà wà. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ ń gba ibẹ̀ kọjá lọ sí Adó, ẹ ò lè mọ̀ pé lẹ́yìn ilé onípáànù kan báyìí ni wọ́n ti rọ ìbọn tí àwọn baba wa gbé lọ sí Ogun Kírìjì. Bàbá bàbá mi wà lára àwọn alágbẹ̀dẹ náà. Wọ́n ní iná ibẹ̀ kì í kú nígbà ogun. Bí àwọn kan ti ń lu ọ̀pá ìbọn, bẹ́ẹ̀ ni àwọn mìíràn ń yọ́ òjé fún ọta.

Ogun ti parí tipẹ́ kí wọ́n tó bí mi, ṣùgbọ́n àwọn ọdẹ ṣì ń gbé ìbọn wá fún bàbá mi fún àtúnṣe ní bòókẹ́lẹ́. Ọlọ́pàá kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti mú alágbẹ̀dẹ kan ládùúgbò wa rí, ó sì pẹ́ kó tó padà wálé. Láti ìgbà náà ni bàbá mi ti ń fura sí gbogbo ayé: agbowó-orí, wolé-wolé, títí kan katikíìsì wa. Bí a bá ti gbúròó bàtà àjèjì, a ó kó irin ìbọn sábẹ́ iṣu, a ó gbé ọkọ́ kọ́ sára ògiri.

“Bí án bá bi ín,” bàbá mi á wí, “ọkọ́ ni kẹ́ẹ wí pé a í rọ nulé yìí.”

A mọ ọ̀rọ̀ yẹn, pé ọkọ́ là ń rọ nílé wa, sórí ju katikísìmù lọ.

Lọ́jọ́ kan, olùkọ́ yunifásítì kan dé, ó fi kámẹ́rà kọ́ ọrùn. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún bàbá mi, ìyẹn gan-an ló ba nǹkan jẹ́. Kí ni irú ọmọ ìwé bẹ́ẹ̀ ń wá tó fi ń fi àyà gbálẹ̀? Ó ní òun ń wá ibi tí wọ́n ti rọ ìbọn Kírìjì, kí ó má baà parun. Bàbá mi fún un níjòókòó, wọ́n gbé iyán àti ẹran ìgbẹ́ kalẹ̀ fún un, ó wá ròyìn ọkọ́ fún un títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Nígbà tó rí irin gbọọrọ tí wọ́n fi ń yí ọ̀pá ìbọn, bàbá mi ní ewúrẹ́ ni àwọn fi ń lé. Ẹ̀rín pa mí débi pé ìyá mi já mi léèékánná. Ọkùnrin náà kọjá lọ sí ìlú mìíràn tí wọ́n ti là á yé e. Pátákó ìrántí ìbọn Kírìjì wà nílùú náà lónìí.

Adó ti fẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa báyìí, ilẹ̀ sì ti di wúrà. Ọmọ àbúrò mi tó ń tajà ní Fájuyì, ní Adó, fẹ́ wó àgbẹ̀dẹ náà kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Kíkí tó ń kí mi ti pọ̀ jù, búrẹ́dì tó ń fi ránṣẹ́ náà pọ̀ jù, mo sì mọ ohun tó wà nídìí ẹ̀. Mo lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ní Adó, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá wa dá ibẹ̀ sí. Obìnrin kan níbẹ̀ kúnlẹ̀ kí mi, ó sì bá mi wá wo ibẹ̀. Ó bi àwọn àgbà àdúgbò. Gbogbo wọn ní ọkọ́ ni wọ́n ń rọ níbẹ̀. Irọ́ bàbá mi ti di ìtàn ìlú.

Obìnrin náà wá rọra bi mí pé, “Màmá, ṣé kì í ṣe pé ẹ ò kàn fẹ́ kí ọmọ yín kọ́lé síbẹ̀ ni?”

Èmi tí mo fi gbogbo ọjọ́ ayé mi fura sí ènìyàn, èmi ni wọ́n wá ń fura sí. Ó dùn mí wọra. Ó wọkọ̀, ó lọ.

Ayé ti yí o, ẹ̀yin ọmọ mi. Láyé àtijọ́, kò sẹ́ni tó jẹ́ fọwọ́ kan àgbẹ̀dẹ láìtọrọ àyè. Katapílà ò mọ ìyẹn. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣì wà tí àwọn olówó ń sá fún: wọn kì í fẹ́ ra ilẹ̀ tí ibojì àgbà wà láàárín rẹ̀. Mo ti pe bíríkìlà. Ó ti gbẹ́ tèmi sáàárín àgbẹ̀dẹ náà, ó fi símẹ́ǹtì rẹ́ ẹ dáadáa, ó sì dé e. Mi ò lè fi irú ẹ̀ sílẹ̀ de àwọn ọmọ tí mo bí, nítorí owó ilẹ̀ lè yí wọn lọ́kàn padà. Ọmọ àbúrò mi wá wò ó, ó ṣí fìlà, ó sì yí padà lọ.

Irọ́ ni bàbá mi fi dáàbò bo ibẹ̀ láyé tirẹ̀. Èmi sọ òtítọ́, wọn ò gbà á. Ó ku òkú mi.