Òṣùwọ̀n kòkó ló pa mí lẹ́kún

Ẹ bá mi dúpẹ́, kẹ́ ẹ tún bá mi bínú díẹ̀.

Lẹ́yìn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ ìfun fún Bùkọ́lá ọmọ mi lọ́dún tó kọjá, dókítà ní bó bá ń rù, ká tètè padà wá. Láti ìgbà náà ni mo ti ń ṣọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ bí ẹni ń ṣọ́ kòkó tó sá lọ́jọ́ òjò.

Láàárọ̀ yìí, mo ní kó gun òṣùwọ̀n bàbá tó ń ra kòkó lọ́wọ́ wa ní Araromi-Obu. Ó ti fi kílò mẹ́fà dín sí èyí tí wọ́n wọ̀n ní ọsibítù lóṣù tó kọjá. Mo bú sẹ́kún. Ọ̀kadà ló gbé wa dé ọsibítù ní Ore.

Nọ́ọ̀sì wọ̀n ọ́n. Kò dín rárá.

"Màmá, òṣùwọ̀n wo lẹ lò nílé?"

"Ti kòkó ni."

Bùkọ́lá wò mí. "Màámi, ọdún mélòó lẹ ti ń ta kòkó fún bàbá yẹn?"

Ẹ̀rín pa mí títí omi fi bọ́ lójú mi. Kí bàbá náà máa fi òṣùwọ̀n ẹ̀ rẹ́ wa jẹ, ọmọ mi ṣáà pé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta kòkó, ẹ ti gun òṣùwọ̀n àwọn tó ń rà á lọ́wọ́ yín rí? Kílò mélòó lẹ jẹ́ níbẹ̀?